Eérú Ìyá Àgbà

Ní ìparí SS1 ni wọ́n ní kí a yan ẹ̀kọ́ tí a ó ṣe títí dé WAEC. Bàbá mi ti yan tèmi: ìṣirò owó. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe sáyẹ́ǹsì, owó ìwé ọmọ méjì kò sì sí nílé. Mo ti gbà.

Nínú ìsinmi yẹn, mo bá ìyá àgbà wa se ọṣẹ dúdú. A jó èèpo kòkó di eérú, a bu omi sí i, a sẹ́ ẹ, a wá gbé omi eérú náà kaná pẹ̀lú àdín. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀, ó sì ń ta mí. Mo bi wọ́n pé kí ló ń sọ òróró di ohun tó ń fọ òróró. Wọ́n ní, "Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ìwọ tó ń lọ sílé ìwé ni kó o sọ fún mi."

Inú ìwé kẹ́mísìrì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti rí i. Pọ̀táṣíọ̀mù ni, nọ́ńbà 19, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ K. Álíkálì rẹ̀ tó wà nínú eérú ló ń tú òróró ká di ọṣẹ àti glycerol.

Mo bẹ bàbá mi pé ìwé ẹ̀gbọ́n mi yẹn náà ni màá lò. Wọ́n dákẹ́ títí. "Bó o bá fìdí rẹmi ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀.

C5 ni mo gbà, kì í ṣe A1. Síbẹ̀, mo wà ní ẹ̀ka yìí lónìí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ìyá àgbà, wọ́n wo ọwọ́ wọn: "Ṣé K yẹn ló ti ń ta mí látọjọ́ yìí?"