Òtítọ́ Dé Ọjà: Bí A Ti Ra Píjó Àtijọ́ Kan ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a sì fi ń ra èké. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwe náà ti jinlẹ̀ tó, kí ó jáde lọ wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù rà. Yóò rí i pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ìkìlọ̀ láti ṣe fún olùrà nípa ẹ̀tàn olùtà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kìlọ̀ fún olùrà nípa ẹnu òun tìkára rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Nípa ìhà kejì yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀.

Àwa mẹ́ta ni a pa owó pọ̀. Olùkọ́ ni gbogbo wa ní Ilé-Ifẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ wa sì jìnnà sí ibi tí a ń gbé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi dá owó náà jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní kí a ra tòkunbọ̀, èyíinì ni ọkọ̀ àlòkù tí ó ti òkè òkun dé, tí a fún ní orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n Píjó 504 ni ọkàn wa ti fà sí láti ìgbà èwe wa.

Ìfẹ́ náà kò ṣàìnídìí. Ní ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde, ní 1969 a sì yàn án ní ọkọ̀ tí ó tayọ ní ọdún náà ní Yúróòpù. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, 504 sì di ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ti dókítà, ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, àti ti awakọ̀ èrò tí ń ti ìlú dé ìlú. Ní ọdún yìí kan náà ni Ove Andersson, ará Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje ọkọ̀ Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, nínú eruku àti ẹrẹ̀. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas ará Faransé tún fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rò pé ọkọ̀ tí ó kéré tí ó sì rẹlẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ eré ìdíje, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Ohun mìíràn wà tí àwọn mekáníìkì fi fẹ́ràn rẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ ara irin ńlá náà; àpò irin tí ó ṣeé yọ jáde ni wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ, a ó yọ wọ́n, a ó sì fi tuntun sí ipò wọn. Nítorí èyí, iye kìlómítà tí í dẹ́rù bani lára ọkọ̀ mìíràn kò yẹ kí ó dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀ lára èyí, bí a bá ṣáà mọ bí a ti ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ọkọ̀ kìíní tí a lọ wò ń dán gbinrin, mítà rẹ̀ sì fi 61,000 kìlómítà hàn. Ọ̀gá mekáníìkì tí ó bá wa lọ kò tilẹ̀ ṣí ojú ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ bírékì, ó sì pè wá. Rọ́bà ojú rẹ̀ ti jẹ tán, irin ti yọ síta. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ wò ó. Ẹsẹ̀ tí ó jẹ rọ́bà yìí tó báyìí ti rìn jù bí mítà ti wí lọ.” Ó ṣàlàyé fún wa pé mítà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà náà kò ju òǹkà márùn-ún lọ, bí ó bá ti ka 99,999 tán, òdo ni yóò padà sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ ènìyàn lè dá a padà kí ó tó dé ibẹ̀. A kí olùtà, a sì bá tiwa lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá yìí ti kọ́ wa ní ohun tí a ó máa wò. Kí a wo abẹ́ ọkọ̀, níbi tí ìpẹtà í sápamọ́ sí. Kí a dé ní òwúrọ̀, kí a lè fi ẹ́ńjìnnì tútù ṣáná. Bí èéfín aláwọ̀ aró bá ń jáde, ọ́ìlì ni ó ń jó. Kí a rí i pé nọ́ńbà tí a gbẹ́ sára irin bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu.

Ọkọ̀ kejì wà ní ìhà Ìrẹmọ, ní ilé opó olóògbé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Eruku bò ó, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá. Màmá kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti rìn jìnnà o. Bàbá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.” Ó mú ìwé ìkọ̀wé kan jáde. Láti ọdún 1981 ni olóògbé ti ń kọ ọjọ́, iye tí mítà kà, àti iṣẹ́ tí a ṣe: ọ́ìlì tí a pààrọ̀, bírékì, sílíńdà tuntun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mítà ti padà sí òdo, ó sì fi tàdáwà pupa sàmì sí i bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 287,000 kìlómítà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, yíyí ayé ká jẹ́ nǹkan bí 40,000 kìlómítà. Ẹ ṣírò rẹ̀, yóò lé ní ìgbà méje.

A wà á dé Iléṣà, a sì wà á padà. Inú ọ̀gá mekáníìkì dùn, ó sì sọ iye tí ó tọ́ sí i fún wa ní kọ̀rọ̀. Iye tí Màmá pè kò tó ìdajì rẹ̀. Àwọn olùrà tí ó ti wá ṣáájú wa ti wí fún un pé pàǹtí irin lásán ni, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín ni ìjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa. Èyí tí ó kéré jù nínú wa ní kí a san iye tí ó pè. A kò purọ́ fún un. Owó wa kò sì pọ̀. Táyà àti bátìrì ń bẹ níwájú, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ ní sáà tí ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó nídìí ni. Àgbà wa dáhùn nípa rírán wa létí Ìwé Òwe, orí 20, ẹsẹ 14, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ olùrà tí í bu ọjà kù níwájú olùtà, tí í sì máa yangàn nígbà tí ó bá ti bá tirẹ̀ lọ. Ó ní bí a tilẹ̀ dákẹ́, ẹnu àwọn tí ó bu ọkọ̀ náà kù ṣáájú wa ni àwa ó fi jẹun.

Ó tún rán wa létí ìtàn ìlú wa. Ní ọdún 1938, bí a ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ nítòsí ààfin Ọọ̀ni, a kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn lónìí. Kò pẹ́ tí mẹ́ta fi jáde ní Nàìjíríà. Méjì dé Amẹ́ríkà, a sì dá wọn padà ní 1950. Ẹ̀kẹta wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìlú London, èyí tí a ń pè ní British Museum, ní 1939, ibẹ̀ ni ó sì wà. A kò fi Píjó wé orí idẹ. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti rí bí ohun àtijọ́ ti í bọ́ lọ́wọ́ ẹni, kò yẹ kí olùkọ́ rẹ̀ máa ra ohun àtijọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ iye rẹ̀, kí ó sì dákẹ́.

A padà tọ Màmá lọ, a sọ iye tí ọ̀gá mekáníìkì wí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Bàbá a máa sọ pé ọkọ̀ yìí kò tí ì parí iṣẹ́. Mo rò pé ìfẹ́ tí ó ní sí i ni ó ń mú un sọ bẹ́ẹ̀.” Kò jẹ́ kí a san gbogbo rẹ̀ pé, ó yọ ìdá mẹ́rin kan kúrò, ó sì fi ìwé náà lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a máa kọ ọ́ lọ.

Òtítọ́ náà ná wa ní ohun tí ó pọ̀. Owó tán lọ́wọ́ wa. Oṣù márùn-ún ni a fi wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ibi iṣẹ́ nítorí pé a kò rí táyà rà, èyí tí ó kéré jù nínú wa sì fi ìdákúrekú san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Kò bínú, òun ni ó ń kọ ìwé náà nísinsìnyí, tàdáwà pupa ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ń lọ ra ohun àlòkù, ẹ mú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má sì gba mítà gbọ́ ju rọ́bà ẹsẹ̀ bírékì lọ. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yín bá ti tẹ òtítọ́ nípa ọjà náà, ẹ rántí pé olùtà pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ọ. Olùtà tí ó dá mítà padà àti olùrà tí ó mọ iye ọjà tí ó sì pa á mọ́, iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe.