Kànga Bàbá Ńlá Wa

Kànga kan wà láàárín agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́. Bàbá tó bí bàbá wa ló gbẹ́ ẹ, omi rẹ̀ kò sì tán rí. Ó mọ́ gaara, ó tutù lọ́fun. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tuntun ilé wa ń yàgbẹ́ gbuuru, eyín ni a kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Kò sí ẹni tó ronú kan kànga.

Obìnrin tó tọ́jú ọmọ náà ní ilé ìwòsàn ló bi wá pé: “Ẹ̀yin ìyá mi, omi wo ni ẹ fi ń po wàrà rẹ̀?” A ní omi kànga ni. “Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò rí?” A wo ara wa lójú.

Ilé àyẹ̀wò fún wa ní ìgò tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀. Wọ́n ní kí a má ṣe fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, kí a gbé e sáàárín yìnyín, kí a sì mú un dé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kò gbọdọ̀ sí Escherichia coli rárá nínú 100 mílílítà omi mímu. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni kòkòrò yìí ń gbé. Ibi tí a bá ti rí i, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀. Wọ́n rí i nínú omi wa. Nitrate inú rẹ̀ pẹ̀lú ju 50 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ.

Ìyàwó ilé kan ní kí a kúkú máa sè é. Wọ́n ní sísè ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í mú nitrate kúrò. Bí omi ṣe ń fà lórí iná, bẹ́ẹ̀ ni nitrate ń ki sí i. Ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ jẹ́, tí kò fi ní lè gbé atẹ́gùn kiri ara dáadáa.

Ó wá ku bí a ó ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n bàbá wa, olórí ilé. Ojú wọn le. “Ṣé bàbá mi ló wá fún yín ní májèlé mu?”

A kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, Bàbá. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, ṣáláńgá mélòó ló wà nítòsí?”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. “Ẹyọ kan, lẹ́yìn ọgbà lọ́hùn-ún.”

Lónìí, mẹ́rin ni, pẹ̀lú ti àwọn aládùúgbò. Ọ̀kan kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ẹnu kànga. Ẹni tó gbẹ́ kànga kò ṣẹ̀. Àwa la pọ̀ yí i ká.

Omi ẹ̀rọ ni a ń mu báyìí, òun la sì fi ń se oúnjẹ. Ti kànga wà fún aṣọ fífọ̀ àti ilẹ̀ fífọ̀. Ara ọmọ ti yá. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Bàbá fúnra wọn ló kọ́kọ́ béèrè pé: “Ìgò àyẹ̀wò yẹn dà?”