Orín ata: igi ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ gbígbẹ wa

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, tó kọjá Sakẹ́tẹ́ àti Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ pupa ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì. Yanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, omi òjò kì í sì í pẹ́ lójú rẹ̀ kó tó rì wọlé. Oko àgbàdo àti ọ̀pẹ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n igbó kéékèèké ṣì kù láàrin oko, pàápàá lórí òkìtì ikán tí àgbẹ̀ kò tíì wó. Níbẹ̀ ni igi kan máa ń dúró sí, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá lára rẹ̀ láìfa aṣọ onítọ̀hún. Orín ata ni. Àwọn Ewe ní Tógò ń pè é ní xeti. Àwọn tó ń sọ Faransé sì mọ̀ ọ́n sí fagara.

Láti Sẹ̀nẹ̀gàl títí dé Kamẹrúùnù ni igi yìí wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa bá a lára mu lọ́nà kan tó yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi létí òkun Gúúsù, igbó kìjikìji ló yẹ kó wà. Láti ìhà Accra títí dé agbègbè Àjàṣẹ́, òjò kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní Lomé, òjò ọdún kan kì í sábà tó 1,000 mìlímítà. Nítorí náà ni ọ̀dàn fi sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun, tí igi ilẹ̀ gbígbẹ sì fi ń hù nínú yanrìn tí ìró ìgbì ń dé.

Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀? Ìtì rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Kì í ṣe igi gíga. Kì í sábà ju mítà 12 lọ. Ara ìtì náà kún fún kókó líle, ẹ̀gún sì wà ní ṣóńṣó kókó kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ̀ka tí kò tíì gbó, ẹ̀gún wọ̀nyí tẹ̀ bí èékánná ológbò. Lẹ́yìn èyí, kí a wo ewé rẹ̀. Ewé wẹ́wẹ́ mélòó kan ló tò sára ọ̀pá kan, ẹ̀gún kéékèèké a sì máa wà lára ọ̀pá náà pẹ̀lú. Kí a já ewé kan, kí a fi ọwọ́ rún un: òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni yóò ta síni nímú. Kí a na òmíràn sókè sí oòrùn: a ó rí àwọn àmì tíntìntín tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Òróró ló wà nínú wọn, nítorí ìdílé kan náà ni igi yìí àti ọsàn. Bí èso rẹ̀ bá gbó, yóò là, hóró dúdú kan tó ń dán yóò sì yọjú. Bí a bá fi ọ̀bẹ ha èèpo díẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni a ó rí lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un, Zanthoxylum, wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí igi aláwọ̀ ìyeyè.

Igi ẹlẹ́gùn-ún mìíràn lè tan aláìmọ̀ jẹ. Ìtì àràbà kékeré náà ní ẹ̀gún, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ya bí ọwọ́ ènìyàn, tí gbogbo ìka jáde láti ojú kan. Ọsàn wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gún, ó sì ní òórùn, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ kì í tò sára ọ̀pá. Bí a bá gòkè lọ sí ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, a ó bá àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún tí èso wọn rí bí èèpo ẹ̀wà. Òórùn ọsàn kò sí nínú ewé tiwọn.

Ìdí tí ìmọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì wà lọ́jà. Gbòǹgbò orín ata ni àwọn baba wa fi ń rin ẹnu. Ó máa ń ta bí ata, lẹ́yìn náà ni ahọ́n á kú díẹ̀. Gbòǹgbò yìí kan náà ni a ń wá fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní drépanocytose. Ní 1971, E. A. Sofowora àti W. A. Isaacs ní Nàìjíríà tẹ ìwádìí jáde pé omi gbòǹgbò náà dá ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Ohun tí a rí nínú ìgò kò tíì jẹ́ ìwòsàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ fi oògùn ilé-ìwòsàn sílẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí náà fi hàn pé ohun tí àwọn àgbà dì mú kì í ṣe òfìfo.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tí a tò lórí ẹní kò ní ewé, kò ní èso, kò ní ẹ̀gún. Ìyá ọmọ tó ń rà á kò lè mọ̀ bóyá orín ata ni tàbí igi mìíràn. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá hú gbòǹgbò ti pa igi. Bí a ṣe ń hú u tí a sì ń ṣán igbó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jìnnà sí abúlé, tí àwọn ọmọ wa yóò sì máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìrí i rí.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá ń ṣán oko, tí ẹ sì bá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù pàdé, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹ̀gún rẹ̀ yóò bá yín ṣọ́ ẹ̀bá oko. Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ gé ẹ̀ka, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀. Bí ẹ bá sì mú ọmọ lọ sóko, ẹ já ewé kan fún un kó rún un, kó gbóòórùn rẹ̀, kó sì pe orúkọ igi náà lójú igi náà gan-an.