Ẹyin Òwúrọ̀ Tí A Ti Yan Sílẹ̀

Láti kékeré ni Ìyá Ìbejì ti ń gbé Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, kò sì fẹ́ ibòmíràn. Peckham ní London ni àbúrò rẹ̀, Ìyá Dáre, ti wálé, tòun ti páànù oníhò méjìlá. Lọ́hùn-ún, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Mọ́fíìnì ẹlẹ́yin tó ti yan sílẹ̀ ló fi ń panu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yan án lónìí Sátidé, ká máa jẹ ẹ́ lọ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Ẹyin tó sùn mọ́jú? Àwọn ìbejì ò ní fẹnu kàn án.”

“Ẹ ṣì jẹ́ ká ṣe é ná.”

Ẹyin mẹ́wàá ni Ìyá Dáre fọ́ sínú abọ́. Ó bu mílíìkì díẹ̀ sí i, ó fi iyọ̀ àti ata gbígbẹ sí i, ó sì lù ú pọ̀. Ó fi òróró pa ihò kọ̀ọ̀kan dé ẹnu, torí ẹyin máa ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ páànù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bu ṣọkọ tútù àti tòmátò gígé lọ́wọ́, ó fẹ́ dà á sí i.

“Ẹ má tíì dà á o! Omi ló ń ba nǹkan yìí jẹ́.”

“Mọ́ínmọ́ín ńkọ́? Ṣebí omi la fi ń pò ó.”

“Ẹ̀wà ló ń mu omi yẹn, mà. Ẹyin ò lè mu tó bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀fọ́ á kàn sun sísàlẹ̀ ni.”

Wọ́n bọ ṣọkọ náà, Ìyá Ìbejì sì fún un. Omi rẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde, títí ohun tó kún abọ́ fi ku ẹ̀kúnwọ́ kan. Wọ́n fi tòmátò sílẹ̀, wọ́n din tàtàṣé àti àlùbọ́sà títí omi wọn fi gbẹ, wọ́n sì ro òróró sadíìnì dànù. Wàràkàṣì ni Ìyá Dáre ń lò ní London, ṣùgbọ́n sadíìnì yìí dùn mọ́ ọn dáadáa.

Ófùnù wà ní 180°C. Láàárín 20 sí 25 ìṣẹ́jú, ẹyin ti wú kọjá ẹnu páànù. Wọ́n gbé e jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀.

“Ó ti bàjẹ́!”

“Rárá o. Ooru omi ló gbé e sókè. Bó ṣe ń tutù ló ń lọ sílẹ̀. Bí àárín rẹ̀ ò bá ti mì mọ́, ó ti jinná. Bó bá pẹ́ jù níná, yóò le bíi rọ́bà.”

Ìpamọ́ ló wá dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìyá Dáre ní fírìjì tó tutù dé 4°C lè tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ká sì gbé e wọlé kí wákàtí méjì tó pé lẹ́yìn yíyan. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, ká gbé e gbóná dé inú, ó kéré tán 74°C.

“Ìyẹn dára fún Peckham. Níbí, wọ́n lè múná lọ lálẹ́, kó má dé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ṣú.”

Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn, òótọ́ sì ni. Fírìjì tí a kò ṣí lè mú òtútù rẹ̀ dání fún bíi wákàtí mẹ́rin. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹyin inú rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

“Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa ṣe mẹ́fà péré, ti ọ̀la nìkan.”

“Mẹ́fà ò sì nílò ófùnù. Agolo mọ́ínmọ́ín mi wà níbẹ̀. Màá sè é lórí gáàsì.”

“Kò ní pọ́n lórí o, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kò léwu. Ewé ni màá fi bò ó, kí omi ìdérí má baà kán sí i.”