Èéfín Tí A Ń Fi Ọwọ́ Ara Wa Dá

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá bá wa sọ ọmọ wa tuntun lórúkọ ní Kubwa. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ayọ̀ náà kárí ilé oníkálukú. Nítorí ọmọ yìí gan-an ni mo ṣe mú kálàmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé rélùwéè tó ka ìwé mẹ́fà ni mí, n kì í ṣe dókítà.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù méjì, ikọ́ mú un. Lóru, àyà rẹ̀ a máa dún bíi fèrè. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku aṣálẹ̀ tó ń fẹ́ bọ̀ láti apá Chad ti bo gbogbo Abuja, nítorí náà mo dá ọyẹ́ lẹ́bi. Mo dá mọ́tò ojú ọ̀nà lẹ́bi, mo dá àwọn tó ń sun ààtàn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Níbo ni ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ yín sí?" Ojú tì mí. Abẹ́ fèrèsé yàrá wa ni, kí olè má baà gbé e.

Ìyá ìyàwó mi, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá wẹ ọmọ fún wa, sọ pé, "Ọkọ ọmọ mi, nílé wa, ẹni tó ń dáná ni èéfín ń ta lójú. Níhìn-ín, ẹni tó ń sùn ni."

Dókítà ṣàlàyé fún mi pé èéfín pẹtiróòlù, dísẹ́ẹ̀lì, igi àti ọ̀rá tí a ń sun ní eruku wẹ́wẹ́ nínú. Bí a bá to ọgbọ̀n nínú wọn síra, kò ní ju ìbú ẹyọ irun orí kan lọ. Imú kò lè sẹ́ wọn. Wọ́n á wọ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọkàn. Ọmọ ọwọ́ sì ń mí kíákíá ju àgbà lọ. Jẹnẹrétọ̀ tún ń tú carbon monoxide jáde, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé afẹ́fẹ́ búburú, ti inú ilé àti ti ìta, ń pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún.

Ní December 1952, èéfín èédú bo London fún ọjọ́ 5, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ààrò inú ilé oníkálukú wà lára ohun tó fà á. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ní 1956, ó kan ààrò ilé pẹ̀lú.

Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀: iná mànàmáná tí kì í ṣe ségesège, àti kíkó ààtàn lásìkò. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ wa lọ sí ìpẹ̀kun ọgbà, jìnnà sí fèrèsé tiwa àti ti aládùúgbò. Mo fi ṣéènì dè é, mo sì ń pa á ní aago mẹ́wàá alẹ́.

Mo bẹ ẹgbẹ́ ní ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a gbé jẹnẹrétọ̀ ìpàdé kúrò lẹ́bàá ibi tí àwọn abiyamọ ń jókòó. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sun ọ̀rá àti pàǹtírí mọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ láti àdúgbò kan náà sì jọ wọ ọkọ̀ kan, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin níbi tó bá dé. Ọkọ̀ wa náà ń mu dísẹ́ẹ̀lì, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí a dá àjọ tí a ó fi máa ra iná oòrùn fún ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ní ọmọ ọwọ́.

Ikọ́ ọmọ wa ti rọlẹ̀, kò tíì lọ tán. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ó sì ń sùn mọ́jú. Bí a bá pàdé, ẹ jẹ́ ká jíròrò ọ̀rọ̀ yìí.