Ilé tí Ìyá Àgbà Rán Mi Lọ Kí ní Òkè Ìdànrè

Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ṣèlérí pé màá kọ nípa Ìdànrè. Ẹsẹ̀ tó ń ro mí ni kò jẹ́ kí n tètè kọ ọ́. Àwàdà ni o. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí.

Bí wọ́n bá bi mí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé "Ọmọ ibo ni ẹ́?", Èkó ni mo máa ń sọ. Wọ́n á ní rárá, ibi tí bàbá rẹ ti wá gan-an là ń béèrè. Màá wá sọ pé Ìdànrè. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ Ìdànrè, ọ̀rọ̀ òkè ló kàn: "Ṣé o ti gùn ún rí?" Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dáhùn pé ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí mo wà ní kékeré. Irọ́ ni. Mi ò gùn ún rí. Ọdún Kérésì la máa ń lọ sílé, ọjọ́ mẹ́ta péré. A ó jẹ ìrẹsì, a ó ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ilé Ìyá Àgbà, tí òkè á wà lẹ́yìn wa bí aṣọ tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò máa ń ta sára ògiri, a ó sì padà sí Èkó kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a ṣe ìdánwò sáà tó kọjá tán ni àwa mẹ́rin pinnu pé ká lọ. Èmi ni àkọ́kọ́. Èkejì ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìbàdàn tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ọmọ Ìsẹ́yìn kan wà níbẹ̀ tí ó gbé kámẹ́rà dání, àti ọmọkùnrin kan láti Ọ̀yọ́ tí ó ní òun ti gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta, kí ni ó kù tí wọ́n ń pè ní òkè. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ tó sọ yìí. Láti Ifẹ̀ a wọ ọkọ̀ dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ a wọ òmíràn. Bí ẹ bá ti kúrò ní Àkúrẹ́ tán, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé àpáta ti bẹ̀rẹ̀ sí yọrí láàárín oko kòkó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí tí wọn ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọ̀nà ni yóò máa wá ibi tí yóò gbà láàárín wọn.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà la sùn. Nígbà tí a sọ fún wọn pé a fẹ́ gun òkè lọ́jọ́ kejì, tí mo sì sọ pé a ó gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ẹ ó sanwó? Kí ẹ tó wọ ilé wa?"

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n bí Ìyá Àgbà sí. Ìyá wọn ni wọ́n bí sókè. Àwọn tí kò mọ ìtàn yìí lè rò pé ibi ìgbafẹ́ lásán ni òkè yẹn. Ìlú ni. Orí rẹ̀ ni gbogbo Ìdànrè ń gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nínú àfonífojì tó wà láàárín àwọn àpáta, níbi tí ogun kò ti lè bá wọn lójijì. Nígbà tí ogun tán, tí ọ̀nà mọ́tò àti òwò kòkó dé, ìsàlẹ̀ ni gbogbo ohun tí ènìyàn ń wá wà. Láti nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìyá Àgbà kò tíì tó ẹni tí ń lọ sílé ọkọ nígbà náà. Ọmọ ọlọ àti àwọn ìkòkò kéékèèké ni wọ́n dì lé e lórí. Ẹ rò ó wò ná: kò sí àtẹ̀gùn, kò sí irin tí a ń dì mú, òkúta sì wà lórí ọmọdé. Ọmọ ọlọ náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná títí dòní. Mo ti fi lọ ata rí láìmọ ibi tó ti wá.

Nígbà tí àwọn yòókù ti lọ sùn, Ìyá Àgbà pè mí.

"Ọkọ mi, bí ẹ bá kọjá ààfin, ẹ ó rí àpáta pẹrẹsẹ kan tí wọ́n máa ń sá àgbàdo sí. Ilé wa wà níwájú rẹ̀, ó kọjú sí Orósùn. Kí o dúró níbẹ̀. Kí o ní èmi ni mo rán ọ, orúnkún ni kò jẹ́ kí n wá."

"Ta ni kí n sọ fún, mà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tí ọmọdé kì í béèrè. "Ṣé ibẹ̀ ṣófo ni?"

Aago méje ààbọ̀ la dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n tí yóò mú wa gòkè sọ̀rọ̀ sí mi ní èdè Ìdànrè nígbà tó gbọ́ orúkọ bàbá mi, èyí tí ó ní "gh" nínú dáadáa. Mo gbọ́ ìdajì. Mo fi Yorùbá Èkó dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá wa fi Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ lọ títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Kò sọ ohunkóhun tó burú, ṣùgbọ́n ó dùn mí ju kí ó bú mi lọ.

Àtẹ̀gùn náà lé ní ẹgbẹ̀ta. Má ṣe bi mí ní iye gan-an, nítorí àwa mẹ́rin kà á, iye mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la mú délé. Ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, a ń ṣeré. Nígbà tí a dé bí igba, ọmọ Ìbàdàn dákẹ́. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà tí ènìyàn lè jókòó sí, ibẹ̀ sì ni ọmọ Ọ̀yọ́ tó gun Olúmọ nà gbalaja sí, tí ó ní kí a máa lọ, kí a sọ fún ìyá òun pé òun gbìyànjú. Alángbá kan wà lórí àpáta tí ó ń mi orí sí i. Ọmọ Ìsẹ́yìn ya fọ́tò àwọn méjèèjì pọ̀. Ó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní í fi síbí, mo ti búra.

Nígbà tí àtẹ̀gùn tán, a wẹ̀yìn. Òrùlé páànù ìlú kéré bí owó ẹyọ tí wọ́n dà sáàárín òkúta. Mo rò pé ibi tí à ń lọ la dé yẹn. Rárá. A ṣì rìn síwájú, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí dà, afẹ́fẹ́ yí padà, a kò gbọ́ ariwo ọ̀kadà mọ́. Lẹ́yìn náà la rí àfonífojì náà tó tẹ́jú, tí koríko kún inú rẹ̀, tí àpáta yí i ká lọ́tùn-ún lósì, títí dé òkè pátápátá, dúdú, tí ipa omi òjò ṣẹ́ funfun sí wọn lára. Tí o bá dúró ní àárín rẹ̀, kò sí ibi tí o kọjú sí tí òkè kò kọjú sí ọ. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀. Mo rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi lè gbé ibẹ̀, mo sì rí ìdí tí ọ̀dọ́ fi lè fẹ́ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mú wa yí ká: ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé ẹ̀kọ́, ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó onígi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. A dé ibi ẹsẹ̀ Agbóoògùn, ipa ẹsẹ̀ kan lórí àpáta. Wọ́n ní bó ti wù kí ẹsẹ̀ ènìyàn tóbi tàbí kéré tó, yóò bá a mu, àfi tí ẹni náà bá jẹ́ àjẹ́. Gbogbo wa ló tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìbàdàn ní kí n kọ ọ́ síbí pé tòun bá a mu dáadáa. Láti ọdún 2007 ni orílẹ̀-èdè wa ti fi orúkọ òkè yìí ránṣẹ́ sí UNESCO. Sukur àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo nìkan ni wọ́n tíì gbà lọ́wọ́ wa. Bí mo ti ń wo bí ògiri amọ̀ ṣe ń di ilẹ̀ padà lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, mo rò ó pé òjò kò mọ̀ pé à ń dúró de ìwé.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ló kù. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ilé kan ni mò ń wá.

"Àdúgbò wo?"

Mi ò mọ̀. Mo ṣàlàyé àpáta pẹrẹsẹ. Ó fọwọ́ hàn mí yíká: àpáta pẹrẹsẹ ló kún ibẹ̀. Mo fa fóònù yọ. Ìlà méjì ló wà. Ìyá Àgbà gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

"Ṣé o rí ààfin?"

"Mo rí i, mà."

"Kọjú sí Orósùn."

Mo yí sí ọ̀tún, mo yí sí òsì. "Ìyá Àgbà, èwo ni Orósùn nínú wọn?"

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé fóònù ti já, mo wò ó, kò já. Mo ń gbọ́ èémí wọn.

"O ò mọ Orósùn," ni wọ́n sọ. Ìbéèrè kọ́. Lẹ́yìn náà ni fóònù wá já lóòótọ́.

Òkè tí wọ́n ń wí yìí ni orúkọ òrìṣà ìlú wa wà lára rẹ̀. Ó ti wà nínú gbogbo fọ́tò Kérésì tí mo yà láti ọmọdé. Ọmọ Ìsẹ́yìn gbé kámẹ́rà rẹ̀ sọ́run, ó ń wo ohun tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ló gbà mí. Ó di èjìká mi mú, ó yí mi díẹ̀, ó ní, "Òun nìyẹn." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ibẹ̀ a rìn kọjá ààfin, a rí àpáta pẹrẹsẹ kan, àti ìdí ògiri kan níwájú rẹ̀, tí kò ga ju orúnkún lọ, tí igbó ti hù sáàárín rẹ̀. Mo dúró. Láti òru ni mo ti ń ṣe àṣetúnṣe ohun tí màá sọ, ní èdè Ìdànrè pàápàá, nítorí bàbá mi ti kọ́ mi lórí WhatsApp. Nígbà tí mo la ẹnu, Yorùbá Èkó náà ló jáde. Mo ní ọmọ ọmọ yín ni mí, ìyá àgbà mi ní kí n kí yín, orúnkún ni. Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ọmọ Ìbàdàn kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Ìsẹ́yìn ti ká a sí fídíò láìsọ fún mi.

Nípa sísọ̀kalẹ̀, ohun tí mo lè sọ ni pé orúnkún mi ń gbọ̀n bí ti ìyàwó tuntun.

Ní alẹ́, Ìyá Àgbà wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbé fóònù súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà. Wọ́n ní kí n dá a dúró níbi tí òkè ti yọ lẹ́yìn mi.

"Ilé ẹlòmíì lo lọ kí."

Mo ní, "Ẹ̀n?"

"Tiwa wà ní apá kejì. Wo Orósùn, kò yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ, iwájú rẹ ló yẹ kó wà." Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n wọ́n. "Kò burú. Aládùúgbò ni wọ́n. Wọ́n á bá wa jíṣẹ́."

Wọ́n mú igi ìdáná kan, wọ́n fi ya ọ̀nà náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún mi: ààfin, àpáta, ilé. Lẹ́yìn náà wọ́n ya àwọn òkè yíká, wọ́n ń sọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Mo ti kọ méje kí ọbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí jó, tí wọ́n fi dìde. Wọ́n ní ó ṣì kù.

Oṣù Kejìlá là ń padà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ti ní òun máa dúró ti Ìyá Àgbà nísàlẹ̀.