Kèké Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló kó mi sí wàhálà lọ́dún tó kọjá: "randomise". Ìyá àgbà mi, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ti ń ráhùn nípa orúnkún láti ìgbà tí mo ti wọ yunifásítì. Ilé ìwòsàn kan wá ń wá àwọn àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn fún ìwádìí. Wọn yóò fún àwọn kan ní oògùn, wọn yóò sì kọ́ àwọn yòókù ní eré ìdárayá tí wọn yóò máa ṣe nílé. Wọ́n ní kí n túmọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda fún Ìyá. Ṣebí Yorùbá ni mò ń kà, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Mo kọ́kọ́ sọ pé, "Ìyá, wọ́n máa dìbò láti mọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa wà."

Ìyá ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló ń du ipò?"

Nọ́ọ̀sì pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo yí i padà sí "wọn yóò ṣẹ́ kèké". Èyí yé wọn kíákíá, ṣùgbọ́n ó bí ìbéèrè mìíràn. "Dókítà tó kàwé tó báyìí, ṣé kò mọ èyí tó dára fún mi ni?"

Òótọ́ ni pé kò mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí. Bí kálukú bá mú èyí tó wù ú, àwọn tí ara wọn ṣì le yóò lọ síbi eré ìdárayá, àwọn tí kò lè dìde yóò lọ gba oògùn. Bí àwọn ti àkọ́kọ́ bá wá sàn jù, ta ni yóò mọ̀ bóyá eré ìdárayá ló ṣiṣẹ́, àbí ara tó ti le tẹ́lẹ̀? Kèké kì í ṣe ojúsàájú. Mo ṣàlàyé gbogbo èyí, Ìyá mi orí, wọ́n sì tẹ àtàǹpàkò. Ohun tí n kò bi wọ́n ni èyí tí wọ́n fẹ́. Kò sí nínú ìwé tí mò ń túmọ̀.

Oògùn ni wọ́n fẹ́. Eré ìdárayá ni kèké mú fún wọn.

"Ṣé kí n lè máa na ẹsẹ̀ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ṣe wọ mọ́tò wá síbí?" Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí oògùn ara ríro tí wọ́n rà ní kẹ́míìsì lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pè, Ìyá ní àwọn ń na ẹsẹ̀ láràárọ̀. Èmi ni mo di fóònù mú sí wọn létí. N kò sọ nǹkan kan. Ọmọ wo ló máa gba fóònù lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ kó ní irọ́ ni wọ́n ń pa?

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní 1989, Brewin àti Bradley kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà, BMJ, pé ohun tí aláìsàn fẹ́ lè yí èsì ìwádìí padà, pàápàá níbi tí ìtọ́jú bá gba kí aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. A lè ṣe hóró oògùn méjì kí àwọ̀ wọn bára mu. Ta ló lè fi eré ìdárayá pa mọ́? Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí a fún ẹni tó ní ohun tó fẹ́ gan-an ní ohun náà, kí a ṣẹ́ kèké fún àwọn tí èyíkéyìí bá tẹ́ lọ́rùn. Ní 2008, BMJ tún gbé èsì àwọn ìwádìí kan lórí ẹ̀yìn àti oríkèé ara jáde lápapọ̀: àwọn tí kèké fún ní ohun tí wọ́n fẹ́ sàn ju àwọn tí kò ní èyí tí wọ́n fẹ́ lọ.

Ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu, àwa ará Abẹ́òkúta? Nígbà tí Adéoyè Lámbò, ọmọ ìlú wa, dé ní 1954, tí ilé ìwòsàn Aró kò tíì parí, sáàárín àwọn abúlé tó yí i ká ló fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí, pẹ̀lú ẹbí wọn. Wọn a wá gba ìtọ́jú, wọn a padà sílé. Ó tún bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí kèké níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ọkàn àwọn èèyàn wà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Kumasi, tó jáde nínú Lancet ní 2020. Àwọn alárùn ọpọlọ 307 tó wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì ni wọ́n bá ṣe é. Wọn kò ṣẹ́ kèké láti lé ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó sá sí. Àgbègbè ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún, ìyẹn ilé ìwòsàn alábọ́dé pẹ̀lú àwọn oníṣègùn àti wòlíì tó wà nítòsí rẹ̀. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ìlera wá ń bá oníṣègùn tọ́jú aláìsàn pọ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn wọ̀nyí yá ju ti apá kejì lọ.

Ìwádìí orúnkún ti parí. Ìyá ní ẹsẹ̀ àwọn ti fúyẹ́, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sí abẹ́ eré ìdárayá. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi. Mo ti bi Ìyá bóyá kí n pè é, kí n sọ ti oògùn abẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn ta àdìrẹ ọdún Iléyá tán ná.